Ta ló jókòó l'Àbújá tó ń bá ará Alajue pín oúnjẹ?

Ẹ̀yin ará Alajue, ẹ̀yin ará Ẹdẹ lápapọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń jí ní ìdájí wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ l'Óṣogbo tí ẹ kì í ráyè jẹun nílé, ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé dé lọ́sẹ̀ yìí o. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ìjọba orílẹ̀-èdè yìí ní ìwé kan tí wọ́n kọ ohun tó yẹ kí ẹ máa jẹ sí? Ẹ má rẹ́rìn-ín, ìwé náà wà. Ọdún 2001, nígbà tí Ọbásanjọ́ ń ṣe Ààrẹ, ni ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ gbé e jáde, pé ìlànà oúnjẹ fún Nàìjíríà nìyẹn. Wọ́n tiẹ̀ fi àwòrán ṣàlàyé rẹ̀. Òkìtì onígun mẹ́ta kan ni: iṣu, àgbàdo, ìrẹsì àti búrẹ́dì wà nísàlẹ̀ níbi tó fẹ̀ jù, ẹ̀fọ́ àti èso lé wọn, ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tún lé ìyẹn, òróró àti nǹkan dídùn ló wà ní ṣóńṣó. Ohun tí wọ́n ní ká jẹ púpọ̀ ló wà nísàlẹ̀, ohun tí wọ́n ní ká rọra jẹ ló wà lókè.

Ìyá kan wà tó ń ta oúnjẹ l'Alajue, àmàlà ẹ̀ kì í kọjá aago méjì ọ̀sán tó fi ń tán. Mo bi í pé, "Ìyá, ẹ ti rí ìwé tí ìjọba kọ nípa oúnjẹ rí?" Ó wò mí, ó ní, "Ìwé wo? Ti wolé-wolé ni àbí ti owó ìsọ̀?" Mo ṣàlàyé fún un. Ìjábẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ń ja ewédú lọ, kò dúró. Ó ní, "Ẹ ní láti 2001? Mo ti ń se oúnjẹ tà níbí kí wọ́n tó kọ ọ́. Wọn ò bi mí. Ta wá ni wọ́n bi?"

Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wá fún yín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ìlànà bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìjọba á yan ìgbìmọ̀: àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n láti yunifásítì, àwọn ọ̀gá láti ilé-iṣẹ́ ìlera àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ òkèèrè tó gbówó kalẹ̀, àti nígbà mìíràn àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ tà. Wọ́n á kó sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n á ka ìwádìí, wọ́n á jiyàn, wọ́n á kọ ọ́. Èmi ò bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jà o. Ẹni tó mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe nínú ara èèyàn, ó yẹ kó wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tó ń se oúnjẹ ọ̀hún, àti ẹni tó ń wá owó tí yóò fi rà á, ta ló bá wọn fi àga sílẹ̀?

Ó sì ti pẹ́ tí àwọn àgbà ti sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Ní oṣù kejìlá, ọdún 1992, ìpàdé ńlá kan wáyé ní Róòmù lórí oúnjẹ aṣaralóore. Ní 1995, FAO àti WHO, ìyẹn àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé, tún pe àwọn ọ̀mọ̀wé jọ sí Nicosia ní ilẹ̀ Cyprus. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé kí ìjọba má kàn máa ka fítámì àti pùròtéènì sí aráàlú létí, kí wọ́n sọ̀rọ̀ oúnjẹ tí èèyàn mọ̀ lórúkọ, kí ìlànà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì bá àṣà, ọjà àti àìsàn ibẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ká ní wọ́n tẹ̀ lé e dé ìdí ni, ìyá olóúnjẹ wa ò bá ti mọ̀ pé ìwé kan wà.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ bi ara wa, níbo ni òkìtì onígun mẹ́ta yẹn ti wá? Ilẹ̀ Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ yà á ní 1974, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ló sọ ọ́ di olókìkí, bó sì ṣe délé ayé lọ́dọ̀ wọn ní ìtàn nínú. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn Amẹ́ríkà ti parí àwòrán náà, ó ku kí wọ́n gbé e jáde. Làwọn ẹlẹ́ran màlúù àtàwọn oníwàrà bá figbe ta. Wọ́n ní ibi tí wọ́n fi ọjà àwọn sí ò tẹ́ àwọn lọ́rùn, pé bí wọ́n ṣe gbé e sókè níbi tó tín-ín-rín yẹn á jẹ́ káyé rò pé kò dáa. Mínísítà wọn nígbà náà, Edward Madigan, bá ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, pé àwọn fẹ́ tún un yẹ̀ wò. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi yẹ̀ ẹ́ wò, owó tó sún mọ́ mílíọ̀nù kan dọ́là ló bá a lọ, nígbà tó wá jáde ní 1992, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní New York, Marion Nestle, tú gbogbo àṣírí náà síta nínú ìwé tó pè ní Food Politics ní 2002. (Orúkọ ẹ̀ kàn bá ti ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá yẹn mu ni o, kò bá wọn tan.)

Ẹ wò ó, ilé-iṣẹ́ ìjọba kan náà tó ní iṣẹ́ àtibá àgbẹ̀ wá oníbàárà ni wọ́n tún ní kó sọ fún oníbàárà pé kó dín ohun tó ń rà kù. Bí ìgbà tí wọ́n fi ẹlẹ́mu ṣe adájọ́ ọ̀mùtí ni. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn mọ̀ pé nǹkan ò lọ déédéé. Ní 2017, àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ náà kọ ọ́ fún ìjọba pé kí wọ́n ṣí bí wọ́n ṣe ń yan ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún aráyé rí, kí wọ́n sì sọ ẹni tí owó ilé-iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan nìyẹn. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2021 ni Buhari fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n máa gba náírà mẹ́wàá lórí lítà kan mínírà tí ṣúgà wà nínú ẹ̀. Náírà mẹ́wàá péré o. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe nǹkan jáde nílẹ̀ wa, MAN, ò gbà, wọ́n ní yóò pa okòwò àwọn lára. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ àtisọ̀rọ̀, ọjà wọn ni, òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè ké tó bẹ́ẹ̀ nítorí náírà mẹ́wàá, ṣé òun náà ló yẹ kó jókòó síbi tí wọ́n ti ń kọ iye ṣúgà tó yẹ kọ́mọ yín máa mu?

Ní Kánádà, wọ́n ti yanjú ìyẹn. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìlànà oúnjẹ wọn tó jáde ní oṣù kìíní, ọdún 2019, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ ọ́ sọ pé àwọn ò ní bá aṣojú ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kankan ṣèpàdé, àwọn ò sì ní lo ìwádìí tí ilé-iṣẹ́ bá sanwó fún. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ wá bí gbogbo aráàlú, wọ́n á sì tẹ orúkọ ẹni tó kọ̀wé síta. Nígbà tí ìwé jáde, wàrà tó ti ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí tirẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ àárín àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, bíi ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin. Omi ni wọ́n sì ní kéèyàn fi ṣe ohun mímu ẹ̀. Àwọn oníwàrà bínú o. Wọ́n bínú títí, ìwé náà ò yí padà.

Ẹnì kan lè ní kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ ìwé, ṣebí ohun téèyàn bá rí ló ń jẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé yẹn ò ní bá yín lójúkojú, ṣùgbọ́n á bá yín nílé ìwòsàn, á bá ọmọ yín nílé ìwé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà l'Alajue níbí, aránṣọ ni. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò nílé ìwòsàn kan, wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Wọ́n fún un ní òògùn, wọ́n tún fún un ní ìwé pélébé kan tí wọ́n kọ oúnjẹ sí: wíìtì, ọ́ọ̀tì, ápù, mílíìkì tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n kọ ohun tí kò gbọ́dọ̀ jẹ sí: iyán, àmàlà, ẹ̀bà, ìrẹsì. Ìyẹn ni pé gbogbo ohun tó ti ń jẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Oṣù méjì ló fi ra wíìtì àti ọ́ọ̀tì. Nígbà tó di oṣù kẹta, owó iṣẹ́ ò ká a mọ́, ojú sì ń tì í láti padà lọ sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun ò rí i rà. Ló bá kúkú dáwọ́ lílọ dúró, òògùn náà sì tán. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri kí ọmọ ẹ̀ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, tó fà á padà síbẹ̀.

Mi ò dá nọ́ọ̀sì lẹ́bi. Ìwé tí wọ́n fún un lòun náà fún aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó: wíìtì tí wọ́n ní kó máa jẹ yẹn, òkè òkun ni Nàìjíríà ti ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, bí dọ́là bá ti gbéra, òun náà á gbéra. Ẹ̀wà wà lọ́jà. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ wà lẹ́yìnkùlé ẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ fún un bí òkèlè àmàlà ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ kéré tó, bí ẹ̀fọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, pé gbẹ̀gìrì náà ẹ̀wà ni. Ìgbà tó padà lọ ni dókítà mìíràn tó jókòó tì í ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ wọn ọ́n fún un lórí àwo. Dókítà yẹn ò rí i kà nínú ìwé o, ọgbọ́n orí ẹ̀ ló lò.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò owó, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye nǹkan, NBS, máa ń gbé iye tí oúnjẹ tó péye fún ara yóò ná àgbàlagbà kan lóòjọ́ jáde. Ní oṣù kẹta, ọdún 2024, wọ́n ní káàkiri Nàìjíríà, náírà 982 ni. Ilẹ̀ Yorùbá níbí ló sì wọ́n jù sí. Ẹ mú ti gbogbo ilẹ̀ wa yẹn náà, ẹ jẹ́ ká má ṣàṣejù. Ọjọ́ 31 ló wà nínú oṣù kẹta. Náírà 982 lọ́nà 31, ó di 30,442. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin nígbà náà jẹ́ 30,000. Òṣìṣẹ́ tó bá gba owó yẹn, tí kò sanwó ilé, tí kò wọ mọ́tò, tí kò ní ọmọ, tí kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá ẹ̀, tó fi gbogbo ẹ̀ jẹun bí ìwé ṣe wí, owó á tún dín ní 442. NBS ò sì ka owó gáàsì tàbí igi ìdáná mọ́ ọn, wọn ò ka owó mọ́tò ọjà mọ́ ọn. Lóòótọ́, ní oṣù keje ọdún yẹn, ìjọba sọ owó oṣù náà di 70,000. Bá a bá fi iye oṣù kẹta wọ̀n ọ́n, ó ká oúnjẹ àgbà méjì, ó ku díẹ̀. Ọjà wá dúró dè wá ni?

Ohun tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni bí wọ́n ṣe mọ ohun tí wọ́n ń pè ní oúnjẹ tó péye tí wọ́n ń ṣírò owó ẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan tí gbogbo ayé ń lò ni wọ́n ń wò, wọ́n sì fa apẹ̀rẹ̀ náà yọ látinú ìlànà oúnjẹ orílẹ̀-èdè mẹ́wàá. Amẹ́ríkà wà nínú wọn, Ṣáínà wà níbẹ̀, Íńdíà wà níbẹ̀, Jàmáíkà náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀ o. Orílẹ̀-èdè ilẹ̀ Áfíríkà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni Bẹ̀nẹ̀, àwọn aládùúgbò wa, níbi tí àwọn èèyàn wa ti Kétu àti Sábẹ̀ wà. Bẹ̀nẹ̀ gbé ìlànà tiwọn jáde ní 2015, wọn ò ya òkìtì onígun mẹ́ta ti Amẹ́ríkà. Ilé àtijọ́ tó rí róbótó ni wọ́n yà, irú èyí tí ẹni tí kò mọ̀wé á rí tí á mọ̀ pé ilé ni.

Ti Brazil ló tún wù mí jù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tó jáde ní 2014, àwọn onímọ̀ láti yunifásítì São Paulo, tí Carlos Monteiro ṣíwájú wọn, kò bẹ̀rẹ̀ látorí fítámì. Wọ́n wo oúnjẹ tí àwọn ará Brazil ń sè jẹ tí ara wọn fi ń le, wọ́n rí i pé ìrẹsì àti ẹ̀wà ló wà nídìí ẹ̀, wọ́n sì gbé ìwé náà ka orí àwo oúnjẹ gidi láti àárọ̀ dalẹ́. Wọ́n gbé àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ síta kí aráàlú bá wọn dá sí i, èsì tó wọlé lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n wá sọ ò le láti rántí: oúnjẹ tí wọ́n sè nílé tàbí tí olóúnjẹ sè, ẹ gbé e ṣíwájú; èyí tí ẹ̀rọ pò pọ̀ láti ilé-iṣẹ́ tó fi jẹ́ pé ẹ ò lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀, ẹ yàgò fún un. Ẹ rántí pé ibẹ̀ làwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àkàrà dé, wọ́n ṣì ń ta á ní Bàhíà títí dòní, àkàràjẹ ni wọ́n ń pè é.

Àbí ẹ rò pé a ò ní irú ìmọ̀ yẹn níbí? Ọ̀ṣun mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀. Lọ́dún 2005 ni Ọbásanjọ́ dá ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé ìwé sílẹ̀, Ọ̀ṣun bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 2006. Àwọn ìpínlẹ̀ tó kù tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ já a jù sílẹ̀, Ọ̀ṣun ò já a. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2012, Arẹ́gbẹ́ṣọlá tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní O'Meals, àwọn ọmọ tó ń jẹ ẹ́ tó bíi 250,000. Àwọn obìnrin àdúgbò ni wọ́n ń sè é, ẹyin, ẹja àti adìẹ láti ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ wa ni. Àwọn onímọ̀ láti Imperial College ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá wọn dá sí i. Ẹ bi àwọn ọmọ Ẹdẹ tó lọ síléèwé nígbà náà, wọ́n á ka ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì fún yín lórí. Ìlànà oúnjẹ ìjọba tí ará Alajue rí sójú nìyẹn.

Àwọn obìnrin tó se oúnjẹ yẹn mọ nǹkan tí ọ̀jọ̀gbọ́n kankan ò mọ̀. Wọ́n mọ iye ọmọ tí kóńgò ẹ̀wà kan yó. Wọ́n mọ oṣù tí tòmátò máa ń wọ́n tí wọ́n á fi ata gígún dípò. Lórí ètò ìjọba àpapọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, náírà 70 ni wọ́n ń ná lórí ọmọ kan lóòjọ́, wọ́n wá sọ ọ́ di 100, ẹ lọ bi olóúnjẹ pé báwo ló ṣe ń pín ẹyin sí i. Wọ́n á sọ òótọ́ tí ẹ ò ní rí nínú ìwádìí. Ìyá tí mo sọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sọ fún mi pé irú ti wọ́n débi pé magí ló pọ̀ jù nínú ọbẹ̀ òun, àti pé bí òun bá dín in kù, oníbàárà á ní ọbẹ̀ ò dùn. WHO ní iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ ò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bí ṣíbí tíì kan. Magí náà iyọ̀ ni. Ìgbìmọ̀ tí kò mọ̀ pé owó irú ló gbé magí dé inú ìkòkò á kàn kọ "ẹ dín iyọ̀ kù", á lọ sùn.

Nítorí náà, nígbàkigbà tí wọ́n bá tún fẹ́ jókòó lórí ìwé yìí l'Àbújá, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ò pọ̀. Kí wọ́n tẹ orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ìgbìmọ̀ sínú ìwé ìròyìn, kí wọ́n kọ ẹni tó ti gba owó lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ọ̀rọ̀, kó kọ lẹ́tà, ká jọ kà á. Kí wọ́n pe àwọn olóúnjẹ, kí wọ́n sì san owó ọjọ́ iṣẹ́ wọn fún wọn bí wọ́n ṣe ń san ti ọ̀jọ̀gbọ́n, torí ẹni tó pa ìsọ̀ tì ti pàdánù. Kí wọ́n gbé oúnjẹ tí wọ́n kọ lọ sí ọjà bíi mélòó kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lè rà á. Bí kò bá lè rà á, kí wọ́n padà lọ kọ òmíràn. Kí wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ìgbò, kí wọ́n fi kóńgò àti ṣíbí wọ̀n ọ́n. Ta ló ní òṣùwọ̀n gíráàmù nínú ilé ìdáná l'Alajue?

Ìjọba náà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Òfin tí Brazil ṣe ní 2009 sọ pé, ó kéré tán, kí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń gbé kalẹ̀ fún oúnjẹ ọmọ ilé ìwé nígbà náà jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ kéékèèké. Tiwa náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn, láti bárékè, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ò nílò kó dúró de Àbújá kó tó ṣe ti ara ẹ̀: ìwé pélébé tí wọ́n ń fún alátọ̀gbẹ àti ẹlẹ́jẹ̀ ríru láwọn ilé ìwòsàn ìjọba, Kọmíṣánnà ètò ìlera lè ní kí wọ́n tún un kọ láàárín oṣù kan, kí àmàlà àti ẹ̀wà wà nínú ẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n wọn.

Bí wọn ò bá bi wá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún wọn láìbi wá. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ohun tí ilé yín jẹ láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú, iye ẹnu tó jẹ ẹ́, àti iye tí ẹ ná, irọ́ ò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ má kọ orúkọ yín bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ sáà kọ àdúgbò yín. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa kí oṣù yìí tó parí. Mo máa tẹ̀ wọ́n síbí, tòun ti iye owó ẹ̀.